Ìnàkí Tí Mo Kí Kú Iṣẹ́

Ọdún tí mo ti ń sọ ìtàn ìnàkí tó bá mi ti ọkọ̀ gẹdú jáde nínú ẹrẹ̀ ju ọjọ́ orí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó háyà yàrá nílé mi ní Agbowó lọ. Ọ̀dọ́ ni mí nígbà náà, mo ń wa ọkọ̀ gẹdú láti inú igbó wá sí Ìbàdàn. Mo gbà pé ìtàn náà ti dàgbà díẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ ọ́, ìnàkí náà kàn dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ó ń wò wá bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ Dùgbẹ̀. Nígbà tí mo fi máa kan páànù ilé mi, ó ti fi èjìká ti ọkọ̀. Nígbà tí mo fi di àgbà nínú ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa, ó ti ń fi ọwọ́ júwe fún mi pé kí n yí ọwọ́ ọkọ̀ sí apá ọ̀tún.

Kò sẹ́ni tí ìtàn náà kì í dùn mọ́, àfi ọ̀gá ilé-ìwé kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó kó wá bá wa láti Baṣọ̀run. Tísà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ọkùnrin yìí kò purọ́ rí láyé rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń sọ ọ́ tó ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Bí o bá ní òjò rọ̀ lánàá, á bi ọ́ pé aago mélòó. Kálàmù pupa tó fi ń máàkì ìwé àwọn ọmọléèwé kò tíì gbẹ nínú orí rẹ̀.

Ní ọjọ́ ìpàdé kan, lẹ́yìn tí a ti jà tán lórí ọ̀rọ̀ tiransifọ́mà, mo bẹ̀rẹ̀ ìtàn mi kí ara lè tu àwọn èèyàn. Tísà bá dìde.

"Alága, ẹ dákun. Ìnàkí wo ló wà ní ilẹ̀ Yorùbá? Inú ọgbà ẹranko nìkan ni mo ti rí i, inú àhámọ́ irin, ẹ̀pà ló ń jẹ. Dírẹ́bà yìí kàn ń purọ́ fún wa ni."

Mo ní, "Irọ́ kẹ̀? Tísà, ìwé ti dí ẹ lójú. Igbó tó wà lẹ́yìn àwọn oko kòkó yẹn, ṣé o débẹ̀ rí?"

"Mú mi débẹ̀. Bí mo bá fi ojú ara mi rí ìnàkí kan péré, màá dìde níbí, màá sọ pé olóòótọ́ ni ẹ́. Bí n kò bá rí i, ìwọ lo máa dìde, wàá sì sọ pé irọ́ ni gbogbo ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àwọn tó ti ń jẹ ìgbádùn ìtàn mi lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, àwọn gan-an ló pàtẹ́wọ́ jù. Alága ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé, ó fún wa ní oṣù kan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí lára mi. Ìwé mẹ́rin ni mo kà, mo sì kúrò nílé-ìwé kí ìwé tó kúrò lára mi. Mi ò ní oyè, mi ò ní sáńtífíkéètì. Ìtàn yẹn nìkan ló jẹ́ kí àwọn dókítà àti lọ́yà àdúgbò máa dákẹ́ bí mo bá ń sọ̀rọ̀. Bí mo bá wá fi ẹnu ara mi sọ pé irọ́ ni, wọn ò ní dákẹ́ fún mi mọ́ títí màá fi kú, kódà bí mo bá ń sọ fún wọn pé iná ń jó ilé wọn.

Àbíkẹ́yìn mi obìnrin, tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹranko ní yunifásítì, ló gbà mí. Ó mọ igbó ọba kan tí ìnàkí ṣì kù sí, ó sì fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé èmi àti Tísà láti Agbowó. Tísà jókòó síwájú, ó ń ka gbogbo pátákó ojú ọ̀nà sókè, ó ń tún sípẹ́lì wọn ṣe. Nígbà tí a fi máa kọjá Challenge, ó ti féèlì ṣọ́ọ̀ṣì méjì àti oníṣòwò táyà kan.

A sùn sí abúlé tó wà létí igbó. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, aṣọ́gbó tó máa mú wa wọlé dé. Ọdẹ ni tẹ́lẹ̀. Nígbà yẹn, ó máa ń pa ìnàkí; nísinsìnyí, ìjọba ń sanwó fún un kó má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa wọ́n. Iṣẹ́ méjèèjì, ẹsẹ̀ kan náà ló fi ń ṣe é. Ó fún wa ní ìbòmú.

"Ẹ̀yin bàbá, bí ẹ bá húkọ́ sí wọn lára, ó lè pa wọ́n. Ẹ má gbé oúnjẹ dání. Ẹ má nàka sí wọn. Èyí tó ṣe pàtàkì jù, ẹ má sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ohùn èèyàn, ó parí nìyẹn."

Tísà ní, "Dírẹ́bà, ṣé o gbọ́? Ó ní ká má sọ̀rọ̀ o. Ṣé wàá lè ṣe é, àbí ká dì ẹ́ lẹ́nu?"

A rìn. Igbó tí mò ń fi ọkọ̀ là kọjá nígbà ọ̀dọ́ mi, orúnkún ni mo fi ń là á kọjá báyìí. Òkè la kọ́kọ́ gùn, lẹ́yìn náà odò, lẹ́yìn náà òkè mìíràn tó jọ ti àkọ́kọ́ débi pé mo rò pé aṣọ́gbó ń yí wa po ni. Lẹ́yìn wákàtí méjì, ó tọ́ka sókè igi kan. Wọ́n ti tẹ àwọn ẹ̀ka pọ̀ bí ẹní.

Ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ibẹ̀ ni wọ́n sùn mọ́jú."

Tísà yọ ìwé kékeré kan. "Màá kọ ọ́ sílẹ̀. Ibùsùn la rí, a ò rí onílé."

Ọmọ mi ní, "Dádì Tísà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra sọ̀rọ̀."

Kò pẹ́ sí i, aṣọ́gbó gbé ọwọ́ sókè, a dúró. Mo yọjú láàárín ewé. Ìnàkí ni! Mẹ́ta! Ìyá kan gbé ọmọ pọ̀n, ìkẹta sì jẹ́ akọ ńlá kan tó jókòó sórí ẹ̀ka, tó ń fi igi tín-ín-rín tọ inú ihò igi. Á tọ ọ́, á fà á yọ, á lá oyin tó wà lára rẹ̀, á tún tọ ọ́. Oyin ń fò yí orí rẹ̀ ká, kò bìkítà. Ó kọjú mọ́ iṣẹ́ rẹ̀ bí mẹkáníìkì tó ki ọwọ́ bọ inú ẹ́ńjìnnì.

Ẹni tí mo torí rẹ̀ wá ńkọ́? Ìjàlọ ti wọ ṣòkòtò Tísà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn mi, ó ń já wọn kúrò ní ojúgun rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èémí tó ń jáde láti inú ìbòmú ti bo dígí ojú rẹ̀ bí ìkùukùu. Mo na ẹsẹ̀ sẹ́yìn, mo fi ta á. Kò gbé orí sókè. Mo tún ta á.

Ìgbà yẹn ni akọ ìnàkí náà yíjú, ojú wa sì ṣe mẹ́rin.

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyí. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́n, mi ò bá ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbi iṣẹ́ rẹ̀ rí, kó gbójú sókè wò mí, kí n wá máa wò ó bí ẹni tí kò nílé. Igi wà lọ́wọ́ rẹ̀, oyin wà lẹ́nu rẹ̀, ó ń wò mí, ó dà bíi pé ó ń retí rẹ̀. Ẹnu mi là fúnra rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o!"

Ohùn tí mo fi ń sọ̀rọ̀ borí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ gẹdú ni. Tísà, tó forí balẹ̀ sọ́dọ̀ ìjàlọ, rò pé a bá àgbẹ̀ pàdé. Òun náà dá sí i láìwòkè:

"Ẹ kú iṣẹ́ o! A ò ní ṣe iṣẹ́ àṣedànù o!"

Igbó fọ́. Wọ́n ké, wọ́n gbá ìdí igi gbàgà-gbàgà, ẹ̀ka ń ya, ewé ń já bọ́. Kí n tó ṣẹ́jú, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Aṣọ́gbó ká ọwọ́ lérí. Ọmọ mi jókòó sílẹ̀, n kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ló ń rín tàbí ẹkún ló ń sun.

Tísà nu dígí rẹ̀. "Àwọn ta là ń kí?"

"Ìnàkí."

"Níbo?"

"Wọ́n ti lọ."

Ó wo igi náà títí. "Èmi náà kí i?"

"O tún ṣàdúrà fún un."

A dúró síbẹ̀ títí di ọ̀sán, a ò rí kòkòrò tó jọ ọ́. Fọ́tò kan ṣoṣo tí ọmọ mi rí yà, ewé ló wà níbẹ̀ àti ẹ̀yìn fìlà mi. Nígbà tí a ń padà bọ̀, Tísà kò ka pátákó kankan. Èmi ń to bí mo ṣe máa jẹ́wọ́, ó sì dùn mí pé ọ̀rọ̀ ìjẹ́wọ́ náà dára débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìnàkí kẹrin kún un.

Ọjọ́ ìpàdé pé. Kódà àwọn tí kì í wá bí a bá ń dá owó gọ́tà wá lọ́jọ́ náà. Alága ṣí ìwé, ó kà á jáde. Mo dìde, mo mú orí ọ̀pá mi dání.

Tísà ní, "Dírẹ́bà, jókòó."

Ó bọ́ síwájú, ó tún kọ́là rẹ̀ ṣe. "Mo rí wọn. Méje ni wọ́n. Olórí wọn ga tó ilẹ̀kùn yìí, àyà rẹ̀ gbòòrò bíi ti jagunjagun. Mo kí i kú iṣẹ́. Ó fi igi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ewé nu ọwọ́, ó sì tẹ orí ba fún mi."

Gbogbo ilé pariwo. Mo wò ó. Aádọ́rin ọdún láìpurọ́, ṣé ẹ wá rí bó ṣe tò ó pa mọ́ tó! Èmi nìkan ló mọ̀ níbẹ̀ pé mẹ́ta ni wọ́n, àti pé ìjàlọ nìkan ni ọ̀gbẹ́ni yìí rí.

Alága kọjú sí mi. "Bàbá, ṣé bó ṣe rí nìyẹn?"

Tísà ń wò mí. Ẹnikẹ́ni ò fi ojú bẹ̀ mí bẹ́ẹ̀ rí.

Mo ní, "Bí Tísà ṣe wí gan-an ni. Ó tiẹ̀ dín in kù." Mo ti pa irọ́ tó pọ̀ láyé, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ ṣe ẹlẹ́rìí fún ti ẹlòmíì.