Owó Àjọ Tí Mo Kà Mọ́ Owó Iṣẹ́ Mi

Fìríìjì wa kú lọ́jọ́ Àìkú kan, kété tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Kò ṣàìsàn, kò dágbére. Ìyàwó mi ṣí i pé kí òun mú ọbẹ̀, omi sì ṣàn lé e lẹ́sẹ̀. Bó ṣe yíjú wò mí, ẹ ó rò pé èmi ni mo lọ fún un lọ́rùn. Ẹran ewúrẹ́, ẹja, ata lílọ̀, ọbẹ̀ tó yẹ kí a fi ọ̀sẹ̀ méjì jẹ, gbogbo rẹ̀ ti yọ́. Ká tó jẹun ọ̀sán, mo ti ń gbé ẹran kiri ẹnu ọ̀nà àwọn aládùúgbò wa ní Connaught Estate. Inú wọn dùn. Ọ̀kan tiẹ̀ béèrè lọ́wọ́ mi pé ọmọ wa wo ló ń ṣe ọjọ́ ìbí.

Ẹgbẹ̀ta pọ́n-ùn ni fìríìjì tí ìyàwó mi rí nínú fóònù rẹ̀ tó wù ú. N kò ní in. Iṣẹ́ ìmọ́tótó ni mò ń ṣe nílé ẹjọ́ tó wà lẹ́bàá ọgbà ẹ̀wọ̀n Belmarsh, ní ọ̀nà Thamesmead. Owó tí wọ́n ń san fún mi ń bọ́ wa, ó ń san owó ilé, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n bó bá wọlé lówùúrọ̀, bó bá fi máa di ọ̀sán ó ti ń wá bàtà rẹ̀.

Owó mìíràn wà lọ́wọ́ mi nígbà náà ṣá, àmọ́ kì í ṣe tèmi. Èmi ni mò ń gba àjọ láàárín àwa mọ́kànlá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa: nọ́ọ̀sì, awakọ̀, àwọn tó ń tọ́jú arúgbó nílé wọn. Lóṣooṣù, àwọn mẹ́wàá yòókù á fi àádọ́jọ pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sínú àkáǹtì mi, èmi náà á fi tèmi kún un, tó bá di Ọjọ́rú tó yẹ, n ó kó gbogbo rẹ̀ fún ẹni tó bá kàn. Èmi fúnra mi ni mo fi ara mi sẹ́yìn pátápátá, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo fi ipò mi jẹun ṣíwájú wọn. Lóṣù yẹn, ọmọbìnrin kan tó ń gbé ní Thamesmead ló kàn. Fìsà iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ló gbé e wá. Ó fẹ́ fi owó náà san fìsà tuntun fún òun àti ọmọ rẹ̀ kí èyí tó wà lọ́wọ́ wọn tó tán, ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni òpin rẹ̀.

Ìyàwó mi rí i pé mò ń wo fóònù mi ju bó ṣe yẹ lọ.

"Olówó orí mi," ó ní, "ẹ má wulẹ̀ wo ọ̀nà ibẹ̀ o."

"Ta ló wo ibẹ̀?"

"Ojú yín ni mo rí."

Mi ò fọwọ́ kàn án. Títí dòní mo lè fi àyà sọ ọ́ pé n kò mú kọ́bọ̀ rí nínú owó àjọ. Ohun tí mo ṣe yàtọ̀ síyẹn: mo fi owó olówó ṣe fújà.

Ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ mi ní Woolwich lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀lé e. Ọkùnrin náà kò tí ì pé ogójì ọdún, ṣùgbọ́n kò sóhun tí kò mọ̀. Ó mọ fìsà, ó mọ owó orí, ó mọ bó ṣe yẹ kí ààrẹ ilẹ̀ wa ṣèlú. Mo ní mo fẹ́ gba káàdì kírẹ́díìtì láti fi ra fìríìjì, kí n máa san án díẹ̀díẹ̀. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó ṣí fọ́ọ̀mù báńkì mi, ó ń kà á sí mi létí, irun mi ṣì kù lápá kan.

"Uncle, èló lẹ̀ ń gbà lọ́dún?"

"Ẹgbẹ̀rún mọ́kàndínlógún." Mo rọra sọ ọ́, kí ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi má baà gbọ́.

Ó wò mí nínú dígí bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún.

"Pẹ̀lú iye yìí? Owó ọṣẹ ni wọ́n máa fún yín. Owó àjọ tẹ́ ẹ máa ń sọ fún mi ńkọ́? Ṣebí inú àkáǹtì yín ló ń gbà?"

"Kì í ṣe tèmi."

"Orúkọ ta ló wà lórí àkáǹtì?"

"Orúkọ mi."

"Ẹ wá jẹ́ kí orúkọ yín ṣiṣẹ́ fún yín. Báńkì ń rí owó yẹn lóṣooṣù. Ta ló máa wá bi yín ní nǹkan kan?"

Mo ṣe ìṣirò náà lábẹ́ aṣọ tó fi bò mí. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ pọ́n-ùn lóṣooṣù, lọ́nà méjìlá, ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún. Mo fi kún tèmi, mo di èèyàn ẹgbẹ̀rún mẹ́tàdínlógójì. Kí n sọ òótọ́, inú mi dùn. Orí mi wú nínú dígí yẹn, pẹ̀lú irun ìlàjì. Ní ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀mù náà, àpótí kékeré kan wà tó ní kí n fi ìka kan òun bí gbogbo ohun tí mo sọ bá jẹ́ òtítọ́. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Mo fi ìka kàn án.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì dé: kí n jọ̀wọ́ fi ìwé owó oṣù mi ti oṣù mẹ́ta ránṣẹ́, àwọn fẹ́ fi yẹ ohun tí mo kọ wò. Inú bọ́ọ̀sì ni mo wà, mò ń lọ síbi iṣẹ́, ògiri ọgbà ẹ̀wọ̀n sì ń bọ̀ níwájú. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń kọjá lára ògiri yẹn láìkà á sí. Lọ́jọ́ náà, ó dà bíi pé wọ́n ti sún un mọ́ títì.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe kò ràn mí lọ́wọ́. Ibi tí wọ́n máa ń mú àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn jókòó sí ní kóòtù, dígí ni wọ́n fi yí i ká, èmi ni mo sì máa ń nu dígí náà láràárọ̀. Lọ́jọ́ yẹn mo nù ún bí ẹni tó ń tún ilé ara rẹ̀ ṣe. Mo tiẹ̀ jókòó díẹ̀ sórí àga tó wà níbẹ̀, kí n mọ̀ bóyá ẹ̀yìn máa dùn mí. Mò ń gbọ́ ohùn adájọ́ lórí mi: ìwọ ọkùnrin yìí, nítorí fìríìjì!

Nígbà tí mo sinmi, mo pe onígbàjámọ̀. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ rín.

"Uncle, ẹ̀rù ń bà yín! Ọ̀rẹ́ mi kan máa ń ṣe ìwé owó oṣù. Ọgbọ̀n pọ́n-ùn péré. Ẹ kàn sọ iye tẹ́ ẹ fẹ́ kó kọ."

"Ìwé ayédèrú?"

"Ẹ má pè é bẹ́ẹ̀ lórí fóònù. Àti pé, ẹ má tíì yọ owó àjọ yẹn o. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rí i níbẹ̀ títí wọ́n á fi fọwọ́ sí i."

"Ọmọ yẹn fẹ́ san owó fìsà lọ́jọ́ Ẹtì."

"Ẹ ní kó ṣe sùúrù."

Ibẹ̀ ni ara mi ti tutù. Irọ́ kan ti fẹ́ di méjì, èkejì sì fẹ́ jókòó lórí fìsà ọmọ ọlọ́mọ. Mo ní rárá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, torí kì í ṣe èèyàn búburú, ó kàn gbọ́n jù ni. Mo wá pinnu pé kí báńkì tó ti àkáǹtì mi pa, n ó yára fi owó ọmọbìnrin náà ránṣẹ́ sí i, n kò ní dúró de Ọjọ́rú.

Mo dúró ní ibùdókọ̀, mo ṣí fóònù, mo tẹ nọ́ńbà àṣírí mi. Ó ní kò rí bẹ́ẹ̀. Mo tún un tẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ó tì mí síta, ó ní kí n lọ rí wọn ní báńkì. Mo ní, ó ti parí, wọ́n ti mọ̀, wọ́n ti gbẹ́sẹ̀ lé e.

Mo lè dákẹ́ o. Ọjọ́ mẹ́ta ṣì kù, mo lè sọ fún un pé àwọn kan kò tíì san tiwọn. Irọ́ náà ti gbóná tán lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ọmọ náà ti dé ìlú yìí ló ti ń pè mí ní Daddy. Mo pè é. Ẹnu iṣẹ́ ló wà, mò ń gbọ́ tẹlifíṣọ̀n ìyá arúgbó tó ń tọ́jú.

"Daddy, ẹ káàsán sà. Ṣé owó ti pé?"

"Owó ti pé. Èmi ni mi ò pé."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: fìríìjì, fọ́ọ̀mù, ẹgbẹ̀rún mẹ́tàdínlógójì.

"Daddy, ẹ ka owó tèmi mọ́ owó oṣù yín?"

"Mo kà á mọ́ ọn. Jọ̀wọ́, má bínú."

"Mò ń bínú, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ bá wọn lónìí. Ẹ má jẹ́ kó di ọ̀la. Bí ọjọ́ Ẹtì bá kọjá, mi ò mọ ibi tí mo máa gbé ọmọ mi gbà."

Kò pariwo, kò sì gbàgbé "sà". Ìyẹn ló dùn mí jù.

Mo wọ bọ́ọ̀sì padà sí Woolwich, níbi tí báńkì mi wà. Lójú ọ̀nà, mò ń to gẹ̀ẹ́sì mi. N ó sọ pé àṣìṣe ni, pé n kò ka fọ́ọ̀mù náà dáadáa, pé mo kàn fojú díwọ̀n iye náà ni. Gẹ̀ẹ́sì ní oríṣiríṣi aṣọ tí èèyàn lè dà bo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì ti mú mẹ́ta sọ́wọ́. Nígbà tó kàn mí, mo wo orúkọ tó wà láyà ọmọbìnrin tó jókòó níwájú mi. Yorùbá ni. Òun náà rí orúkọ mi lórí káàdì, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Uncle, báwo ni? Kí lo fẹ́?"

Ibí ni wọ́n bí i sí, ẹ bá mi dárí jì í. Bí ọba bá wọlé, "kí lo fẹ́" ló máa bi í. Mo ti múra láti ṣàlàyé fún òyìnbó kan tí n kò ní rí mọ́ láé. N kò múra sílẹ̀ fún ọmọ tí ìyá rẹ̀ lè máa jókòó lẹ́yìn mi ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo la ẹnu, mo wá gbogbo gẹ̀ẹ́sì tí mo tò, n kò rí ọ̀kan.

"Mo parọ́," mo ní.

"O ṣe kí ni?"

"Mo parọ́ nínú fọ́ọ̀mù káàdì. Mo ka owó àjọ mọ́ owó oṣù mi. Ẹ ti gbẹ́sẹ̀ lé àkáǹtì mi, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n owó ọmọ kan wà níbẹ̀ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un ní tiẹ̀. Èmi, ẹ ṣe mí bó ṣe wù yín."

Bàbá kan tó tò sẹ́yìn mi húkọ́. Ọmọbìnrin náà wo kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó tẹ nǹkan, ó tún wò mí.

"Uncle, kò sẹ́ni tó gbẹ́sẹ̀ lé nǹkan kan. Nọ́ńbà àṣírí rẹ lo tẹ̀ ṣì lẹ́ẹ̀mẹ́ta."

"Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ?"

"Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọwọ́ rẹ ń gbọ̀n, àbí?"

Báńkì kò tì mí, ẹ̀rù ara mi ló tì mí, mo sì ti jẹ́wọ́ tán kí ẹnikẹ́ni tó bi mí léèrè.

Ó ṣí àkáǹtì náà fún mi. Níwájú rẹ̀ níbẹ̀ ni mo ti fi owó àjọ ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin ará Thamesmead náà. Lẹ́yìn náà ló ní ká padà sọ́rọ̀ fọ́ọ̀mù, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́.

"Èyí tó o kọ yìí, a gbọ́dọ̀ fà á yọ. Ká ní wọ́n gbà á gbọ́, tí wọ́n jẹ́ kó o ná ẹgbẹ̀rún márùn-ún, ta ló máa san án? Àwọn ará àjọ?"

"Rárá o."

"Ṣé o ṣì fẹ́ kọ òmíràn?"

"Mo fẹ́."

"Èló lò ń gbà lọ́dún, Uncle? Tìẹ nìkan."

Bàbá yẹn ṣì wà lẹ́yìn mi. Kódà nílé, ńṣe la máa ń sọ iye náà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí orúkọ àrùn. "Ẹgbẹ̀rún mọ́kàndínlógún," mo ní, mo sì sọ ọ́ sókè. Ó tẹ̀ ẹ́. Kò rẹ́rìn-ín, kò káàánú mi, ìka rẹ̀ kò tiẹ̀ dúró, ó bọ́ sórí ìbéèrè tó kàn. Mo wo òrùlé báńkì náà. Kò wó.

Ó tún ní kí n ṣí àkáǹtì mìíràn fún àjọ nìkan, kí owó má baà tún dàpọ̀ mọ́ mi lójú. Mo ṣí i. Káàdì tí wọ́n wá fún mi kò lè gbé ju ọ̀ọ́dúnrún pọ́n-ùn lọ, òun la fi ra fìríìjì àlòkù ní ṣọ́ọ̀bù kan. Ó ń kùn bí àgbàlagbà tó ń gbàdúrà, ṣùgbọ́n omi rẹ̀ ń tutù. Mo ti san owó rẹ̀ tán. Mo máa ń rántí ọmọ báńkì yẹn nínú àdúrà mi, "o" rẹ̀ àti gbogbo rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọmọbìnrin ará Thamesmead pè mí.

"Daddy, mo ti san án. Wọ́n ti gbà á."

"A dúpẹ́ o."

"Inú ṣì ń bí mi díẹ̀, sà."

"Ó tọ́ bẹ́ẹ̀."

Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, mo kó àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá jọ, mo sì ro ẹjọ́ mi. Mo ní kí wọ́n yan ẹlòmíràn tí yóò máa gba àjọ. Awakọ̀ kan láàárín wọn ní, "Ẹ jọ̀ọ́, láti ìgbà tẹ́ ẹ ti ń gba ẹgbẹ̀rún mẹ́tàdínlógójì, ẹ ò ra ohun mímu kan fún wa rí?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, àyàfi nọ́ọ̀sì kan tó ní kò yẹ kí n ṣe bẹ́ẹ̀, kí n má tún ṣe é mọ́ láé. Mo ní mo gbọ́. Gbogbo wọn wá yíjú sí ọmọbìnrin náà, torí owó tiẹ̀ ló fẹ́ há.

Ó ní kí n ka nọ́ńbà àkáǹtì tuntun náà fún òun. Mo kà á. Ó tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù rẹ̀, ó ní kí n tún méjì tó gbẹ̀yìn kà. Fóònù mi dún lápò: àádọ́jọ pọ́n-ùn, ti oṣù tó ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó yẹ kó san án.

"Ẹ wò ó, Daddy, ṣé ó ti wọlé?"

"Ó ti wọlé."

"Owó ta ni?"

"Owó tìẹ ni."

Àwọn yòókù ti ń yọ fóònù tiwọn. Awakọ̀ yẹn ní kí n rọra ka nọ́ńbà náà, ojú òun kò ríran dáadáa mọ́.