Àwọn Ọmọ Ẹja Tó Ń Padà Sẹ́yìn

Bí ẹ bá rí Olúfúnṣọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Lake Highlands, lókè òkun níbí, ẹ ó rò pé dókítà ni. Iṣẹ́ ẹja ló ń ṣe, kò sì fojú kan odò tí ẹja náà wà rí. Òkè àríwá lọ́hùn-ún ni odò wà. Òun jókòó sí ọ́fíìsì ní Farmers Branch, ó ń wo kọ̀ǹpútà. Èmi nọ́ọ̀sì ni mo máa ń fi mọ́tò mi gbé e lọ, torí ẹ̀rù ọ̀nà márosẹ̀ ń bà á. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ gan-an.

Wọ́n á fi ẹ̀rọ tín-ín-rín tí wọ́n ń pè ní tag sínú ọmọ ẹja sámọ́nì, ẹ̀rọ náà á máa ròyìn ibi tí ẹja dé bó ṣe ń lọ sí òkun. Ẹja kan tí wọ́n ń pè ní báàsì wà lọ́nà tó ń gbé wọn mì. Olúfúnṣọ́ ni yóò sọ bóyá báàsì ń pa wọ́n ju bó ṣe yẹ lọ, kí wọ́n tó tú ọmọ ẹja tuntun sódò ní Ọjọ́rú. Ó ṣírò, ó ní ọ̀pọ̀ ló ń yè, ó sì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wọn. Ọ̀gá rẹ̀, Díákónì Ọládèjì ti ṣọ́ọ̀ṣì wa, tó ń ṣètò ìwé ìgbélùú fún un, ní kó jáde wá jẹ́rìí ní ọjọ́ Àìkú. A pàtẹ́wọ́, a jó. Kò sẹ́ni tó bi í bóyá ó ti yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kejì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí mo ṣe ń gbé e lọ síbi iṣẹ́, ó yíjú sí mi nínú mọ́tò.

"Aunty mi, mo ti dáràn. Lẹ́yìn service ni mo tún open iṣẹ́ yẹn wò. Ọmọ salmon kì í padà sẹ́yìn, òkun ló ń lọ. Mo wá ní kí computer máa delete ibi tó bá ti fi wọ́n hàn pé wọ́n ń padà. Mo rò pé error ni."

"Kí ló wá dé?"

"Inú bass ni àwọn tó ń padà yẹn wà, Aunty. Bass ló ń gbé wọn padà. Tag yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú ikùn ẹ̀."

Mo ní kó pe ọ̀gá rẹ̀, ó ní ẹ̀rù ń ba òun, wọ́n á lé òun. Inú bí mi, mo yà sí ilé epo, mo pa mọ́tò.

"Pè é báyìí, kí wọ́n tó tú àwọn yòókù sẹ́nu bass."

Ó pè é lójú mi, ó fi sí speaker, ó ṣàlàyé gbogbo ẹ̀, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ dá ti Wednesday dúró. Díákónì ò pariwo.

"Fúnṣọ́, wọ́n ti tú wọn láti Saturday. Report ẹ ni wọ́n rí tí wọn ò dúró mọ́. Ṣùgbọ́n fọkàn balẹ̀, mo ń wò wọ́n lórí screen báyìí. Gbogbo wọn ló ń lọ sí òkun. Kò sí ọ̀kan tó padà."

Olúfúnṣọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

"Ẹ ò lè rí i, sà," ó ní. "Mo ti ní kí computer má fi hàn yín."