Ọ̀nà Omi Tí Hàkímù Pa Rẹ́

Ilé méjìdínlógún péré ló wà nínú àwòrán àkọ́kọ́ tí Hàkímù yà. Iṣẹ́ ayàwòrán ilé ló ń ṣe. Ọmọ bíbí Ìsọlọ̀ ni, bàbá rẹ̀ sì ti dẹ àwọ̀n sínú irà tó wà lẹ́yìn Àgọ́ Palace kí ẹnikẹ́ni tó ronú pé èèyàn lè kọ́lé síbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan ló ra irà náà. Wọ́n gbẹ́ àárín rẹ̀ jìn, wọ́n kó yanrìn tí wọ́n gbẹ́ dí etí rẹ̀, kòtò náà sì di adágún. Wọ́n pe ibẹ̀ ní Ẹsíteètì Etí-Adágún.

Hàkímù ló ya gbogbo rẹ̀: títì tó yí adágún po, pápá tí àwọn ọmọdé á ti máa ṣeré, àti, ní apá ìwọ̀-oòrùn, àyè gbọọrọ kan tí kò sílé níbẹ̀. Ibẹ̀ ni omi á máa gbà lọ sínú kánáàlì nígbà òjò.

Ibẹ̀ wu èèyàn. Àwọn tó ń gbé ní Ire-Akari kó ẹrù wọn wá. Nọ́ọ̀sì wá, òṣìṣẹ́ báǹkì wá, oníṣòwò wá. Ilé méjìdínlógún di ọgọ́ta, ọgọ́ta di igba. Nírọ̀lẹ́, tọkọtaya á máa rìn yí adágún ká, pépéyẹ á máa lúwẹ̀ẹ́.

Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, Ẹ̀njíníà Akínbọ̀wálé, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà, pe Hàkímù sí ọ́fíìsì.

“Ẹ̀gbọ́n, àyè ìwọ̀-oòrùn yẹn, ilé mẹ́rìnlélógún ló lè gbà.”

“Ọ̀nà omi nìyẹn, Ẹ̀njíníà.”

“A máa ri páìpù ńlá méjì mọ́lẹ̀. Ẹ sáà yà á. A ti ya ilé kẹsàn-án sọ́tọ̀ fún Moyọ̀sọ́lá yín.”

Ọmọ kan ṣoṣo tí Hàkímù bí ni Moyọ̀sọ́lá, ìgbéyàwó rẹ̀ sì ti ń sún mọ́lé. Hàkímù mọ̀ pé páìpù méjì ò lè gbé omi yẹn. Ó tún mọ̀ pé bí òun ò bá yà á, ẹlòmíì á yà á. Ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó pa ọ̀nà omi rẹ́, ó to ilé sórí rẹ̀, ó sì fọwọ́ sí i.

Láti ọjọ́ náà ni ìbẹ̀rù ti wọ̀ ọ́ lára. Bí òjò bá ti ṣú, á gbéra nílé. Á wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá láti Ìsọlọ̀, á ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ dání bí ẹni tó kàn wá kí Moyọ̀sọ́lá ní ilé kẹsàn-án, ṣùgbọ́n ẹnu páìpù ló ń lọ wò. Ọ̀rá àti koríko á ti dí i. Nígbà kan rí, àtẹ̀gùn mẹ́fà ni èèyàn máa sọ̀ láti títì kó tó kan omi adágún. Ó di mẹ́rin. Lọ́dún yìí, ó di méjì.

“Bàbá, kí lẹ máa ń wò níbẹ̀?” Moyọ̀sọ́lá bi í, Ọlámipọ̀sí, ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́rin, wà léjìká rẹ̀.

“Kò sí nǹkan.”

Ní oṣù kẹsàn-án, òjò bẹ̀rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀, kò sì dá títí di Sátidé. Nígbà tí Hàkímù fi máa dé ẹsíteètì láàárọ̀ Sátidé náà, kò rí àtẹ̀gùn kankan mọ́. Adágún àti títì ti dọ́gba.

“Bàbá, ẹ wá wo nǹkan!” Moyọ̀sọ́lá ń rẹ́rìn-ín. “Omi ń hó jáde nílẹ̀ bálùwẹ̀.”

Ó wò ó. Omi dúdú ń ru sókè láti ibi tó yẹ kí omi máa gbà lọ. Kò gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Abẹ́ ilé ló ti ń bọ̀. Hàkímù yíjú sí Moyọ̀sọ́lá.

“Gbé ọmọ,” ló sọ. “Má mú nǹkan kan. Gbé ọmọ, ká máa lọ.”

Ilé Màmá Beatrice, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, tó jẹ́ alága àwọn onílé, ni wọ́n sá lọ, nítorí orí ilẹ̀ gíga ló wà. Pálọ̀ ti kún. Oníkálukú ń pariwo: àwọn kan ní ìdọ̀tí ló fà á, àwọn kan ní ìjọba ni. Hàkímù kọ́kọ́ fẹ́ panu mọ́. Ó wo ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó ń sùn.

“Èmi ni mo ya àwòrán náà,” ló wí. “Orí ọ̀nà omi ni ilé mẹ́rìnlélógún yẹn wà. Mo mọ̀.”

 Ọkùnrin kan fa ọrùn ẹ̀wù Hàkímù mú.

“Fi í sílẹ̀!” Màmá Beatrice pàṣẹ. “Bàbá, ibo gan-an ni omi máa ń gbà?”

“Àárín ilé kẹsàn-án. Ilé ọmọ mi. Bí a ò bá la ibẹ̀ já báyìí, gbogbo ilé ni omi máa kó lọ.”

Moyọ̀sọ́lá wò ó bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí.

Katapílà kan wà níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé tuntun lọ́wọ́; Màmá Beatrice ní kí wọ́n wà á wá síwájú ilé kẹsàn-án. Kí awakọ̀ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, fóònù Hàkímù dún. Akínbọ̀wálé ni; ẹnì kan ti ta á lólobó.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fọwọ́ ara yín ṣe ara yín. Orúkọ yín ló wà lábẹ́ àwòrán yẹn, kì í ṣe tèmi.”

 Omi wà níwájú, ẹ̀wọ̀n wà lẹ́yìn. Hàkímù pa fóònù náà, ó nàka sí ògiri ilé ìdáná ọmọ rẹ̀. “Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀.”

Wọ́n wó ilé ìdáná, wọ́n wó ọgbà, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ dé kánáàlì. Omi dúró díẹ̀, bí ẹni tó ń ronú, ó wá ya lọ pẹ̀lú ariwo. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ìdajì ilé kẹsàn-án ti bá a lọ. Ẹnikẹ́ni ò kú.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá fi ọ̀dà pupa sàmì sí ilé mẹ́tàlélógún tó kù láti wó wọn. Hàkímù kó àwòrán méjèèjì fún wọn, ti àkọ́kọ́ àti èyí tó fọwọ́ sí. Ẹjọ́ ṣì ń lọ. Ẹnikẹ́ni ò mọ ẹni tó máa jẹ̀bi, Hàkímù tàbí Akínbọ̀wálé.

Ilé bàbá rẹ̀ ní Ìsọlọ̀ ni Moyọ̀sọ́lá wà báyìí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀: “Bàbá, ẹ mọ̀, ẹ sì jẹ́ kí n máa gbé ọmọ sùn níbẹ̀.” 

Láàárọ̀ ọjọ́ tí Hàkímù kọ́kọ́ fẹ́ lọ sí kóòtù, ó ń de bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ sí ihò tí kò bá a mu. Moyọ̀sọ́lá jáde láti yàrá. Ó bá a tún gbogbo rẹ̀ de títí dé ọrùn, ó sì padà sídìí ọmọ rẹ̀.