Sípírín tí Owú Bá Mi Yàn

Ọdún kejì tí mo dé Warri ni ọkọ mi ra jíìpù. Òyìnbó kan tó ń padà sílùú rẹ̀ ló tà á fún un. Ìgbà náà ni owó epo ń ya wọ ìlú bí àgbàrá, tí wọ́n ń la ọ̀nà páìpù kiri agbègbè Ubeji àti Ijala, ẹni tó bá sì ní ọkọ̀ tó lè wọ ẹrọ̀fọ̀ kò lè ṣàìríṣẹ́. Bàtà ni ọkọ mi ń tà lọ́jà Igbudu látìgbà tó ti kúrò ní ìhà Ọ̀yọ́. Ó fi bàtà sílẹ̀ fún mi, ó wá ń fi jíìpù kó òṣìṣẹ́ àti oúnjẹ wọn lọ síbi iṣẹ́. Lọ́jọ́ tí ọjà bá dá, èmi náà máa ń bá a lọ.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ la tó mọ̀ pé jíìpù náà kúrú. Ikùn rẹ̀ á jókòó sórí ẹrẹ̀, táyà á máa yí lásán. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn òṣìṣẹ́ sọ̀ kalẹ̀ tì í títí aṣọ wọn fi di amọ̀. Fọ́máànù tó ń fún ọkọ mi níṣẹ́ ní kó wá nǹkan ṣe sí i kí òjò tó le, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun á gba ọkọ̀ mìíràn. Mẹkáníìkì wa ní kò le: kí wọ́n tú sípírín àti ṣọ́ọ̀kì abẹ́ rẹ̀, kí wọ́n fi èyí tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ síbẹ̀, ọkọ̀ á gbéra nílẹ̀. Odidi sẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wà nínú páálí. Oríṣi méjì ló wà nílùú, ti Amẹ́ríkà àti ti London. Ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo ló ń ta méjèèjì, obìnrin ló sì ni ín.

Ìlàjẹ ni obìnrin náà. Ọkọ rẹ̀ ló kú tó fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún un. N kò tíì fojú kàn án tí mo ti kórìíra rẹ̀.

Ọkọ mi ń pè é ní Àǹtí. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, Àǹtí ní báyìí, Àǹtí ní bẹ́ẹ̀. Àǹtí ní ti Amẹ́ríkà ń gbé ọkọ̀ sókè ní ínṣì mẹ́rin, ti London kò ju méjì lọ. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó parí lọ́jọ́ kan gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó ní Àǹtí sọ pé bí èèyàn ṣe ń yan bàtà ló ṣe ń yan sípírín, ibi téèyàn ń lọ àti ẹrù tó rù ni wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè. Ó dá rẹ́rìn-ín lórí ẹní. Ohun tí mò ń sọ fún àwọn oníbàárà wa lójoojúmọ́ nìyẹn, etí rẹ̀ kúkú wà níbẹ̀, kò rẹ́rìn-ín sí i rí. Wọ́n ní obìnrin tí kò jowú, ọbẹ̀ rẹ̀ kì í dùn. Tèmi ìgbà náà ti kọjá adùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ró ìró mi tó dára jù, mo lọ síbẹ̀. Mo bá àwọn méjèèjì níbi tí wọ́n lóṣòó sí, obìnrin náà ń fi ẹfun ìkọ̀wé ya sípírín sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ọkọ mi tẹjú mọ́ ọwọ́ rẹ̀. Oníbàárà kan wọlé, obìnrin náà fi Píjìn dá a lóhùn. Òmíràn dé, ó sọ èdè Itsekiri. Ó tún yíjú sí ọkọ mi, ó ń bá Yorùbá rẹ̀ lọ. Èmi rèé, Píjìn tí mo gbọ́ kò ju èyí tí mo fi ń ta bàtà lọ.

Ó rí mi. Ó ní, “Ẹ káàárọ̀, ìyàwó wa.”

Mo ní, “Ìyàwó ọkọ mi ni mí.”

Kò bínú. Ó béèrè bóyá èmi ni mo máa ń bá ọkọ mi lọ sí Ubeji, àti bó ṣe máa ń rí tí ẹrù bá kún ọkọ̀ tá a dé kọ́ọ̀nà. Mo fẹ́ kó mọ̀ pé kò sí ohun tó mọ̀ nípa ọkọ̀ ọkọ mi tí n kò mọ̀. Mo ní ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń wọlẹ̀, ó sì máa ń fì sápá ọ̀tún.

Ó yíjú sí ọkọ mi, ó ní, “Ohun tí mo ti ń bi yín láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Ti London ni kẹ́ ẹ gbé. Kò ga púpọ̀, àmọ́ irin rẹ̀ nípọn. Ti Amẹ́ríkà yìí, ọkọ̀ tí kì í gbẹ́rù ló wà fún.”

Ká ní ti Amẹ́ríkà ló yàn, ti London ni ǹ bá mú. Mo nàka sí páálí Amẹ́ríkà, mo ní èyí la fẹ́. Ọkọ mi wò mí, ó wo obìnrin náà, mo sì rí i lójú rẹ̀ pé èyí tí obìnrin náà yàn ló wù ú. Mo bá sọ fún un pé, “Tẹ́ ẹ bá gbé ìkejì, èmi kò ní wọ ọkọ̀ yẹn láéláé.” Obìnrin náà ní, “Ẹ máa gbé e lọ.” Ọkọ mi gbé ti Amẹ́ríkà.

Nígbà tí mẹkáníìkì parí iṣẹ́, jíìpù ga débi pé àpótí ni mo fi ń gùn ún. Àwọn ará Igbudu ń wò wá, ẹnì kan ní, “Oga, this your motor don tall pass house.” Mo ní kí ọkọ mi gba iwájú ṣọ́ọ̀bù obìnrin náà kọjá, kó fọn fèrè. Obìnrin náà juwọ́ sí wa. Mo kọjú síwájú.

Kò pé oṣù kan. Ìrẹsì àti omi àwọn òṣìṣẹ́ la kó, òṣìṣẹ́ mẹ́fà wà lẹ́yìn, èmi wà níwájú. Ní kọ́ọ̀nà kan ká tó dé Ijala, ọkọ̀ fì sí ọ̀tún bó ṣe máa ń fì, àmọ́ kò padà mọ́. Ó rọra dùbúlẹ̀ sínú kòtò bí ẹni tó rẹ̀. Ọrùn ọwọ́ mi kán, èjìká òṣìṣẹ́ kan yẹ̀. Ọkọ mi gba ojú fèrèsé jáde, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni bóyá ìka mi ṣì ń mira. Lọ́jọ́ kejì, fọ́máànù gba ọkọ̀ mìíràn. Ọkọ mi kò dá mi lẹ́bi, kò tilẹ̀ wò mí lójú burúkú. Ìyẹn ló dùn mí ju ọwọ́ lọ.

Èmi nìkan ni mo lọ bá obìnrin náà, pẹ̀lú ọwọ́ tí mo fi aṣọ so kọ́ ọrùn. Mo ní èmi ni mo yan ti Amẹ́ríkà, nítorí pé òun ló yan ìkejì.

Ó ní, “Mo mọ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo ti mọ̀. Ó yẹ kí n bá yín jà á, àmọ́ ẹ bí mi nínú, mo wá ní kẹ́ ẹ máa gbé e lọ.”

Níbi tọ́rọ̀ dé, mo bi í pé, “Kí ló wà láàárín ẹ̀yin àti ọkọ mi?”

Ó ní, “Tí mo bá ń sọ̀rọ̀, ó máa ń gbọ́ ọ parí. Ó ti pẹ́ tẹ́nì kan ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi.”

“Ṣé ìyẹn nìkan?”

“Ìyẹn nìkan.”

Mo gbà á gbọ́, owú mi sì tún le sí i, nítorí ohun tí èmi náà ń wá lọ́wọ́ ọkọ mi nìyẹn.

Ó gba sẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà padà, ó fún wa ní ti London. Ọ̀dọ́kùnrin kan tí kò gbé ju ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ lọ sínú ọkọ̀ ló ra ti Amẹ́ríkà lọ́wọ́ rẹ̀. Jíìpù wa kò ga tó tẹ́lẹ̀, àmọ́ ó tẹlẹ̀ dáadáa. Kí òjò ọdún yẹn tó dá, kọngílá kan tó ń ṣiṣẹ́ páìpù gbà wá síṣẹ́, ọdún mẹ́rin la sì fi ṣe é láìṣubú mọ́.

Lẹ́yìn ìgbà náà, obìnrin náà ta ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó padà sí etí òkun lọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀. Ó wá dágbére fún wa nílé, ó gbá mi mọ́ra, ó bọ ọkọ mi lọ́wọ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọkọ mi jẹun tán, ó tẹjú mọ́ ojú ọ̀nà. Mo bá a sọ̀rọ̀ ọjà, ó ń mi orí. Mo kó abọ́ kúrò níwájú rẹ̀, mo sì ń jowú ohun tó ń rò.