Ìyàwó Tó Mọ Ẹsẹ̀ Ọkọ̀

Bí ẹ bá bi ará àdúgbò wọn pé ta ni Bàbá Rọra, kò ní ronú kó tó na ọwọ́ sí ilé onígéètì aláwọ̀ ewé tó wà ní ìpẹ̀kun òpópó. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fi píkọ́ọ̀pù kó ẹrù àwọn tó ń ti ilé kan lọ sí òmíràn. Bó ṣe ń wakọ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ. Dígí kì í fọ́ sí i lọ́wọ́, ẹsẹ̀ àga kì í yẹ̀. Bí ẹlẹ́rù bá ní kó tẹná díẹ̀, á ní, "Rọra. Ilé tí à ń lọ ò ní sá."

Ẹni jẹ́jẹ́ ni, àmọ́ ohun kan há a lọ́fun: iṣẹ́ tí ìyàwó ọmọ rẹ̀ ń ṣe. Ọmọbìnrin náà mọ̀wàá hù, ó mọ bí a ti ń kí àgbà, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù táyà tó wà ní oríta ńlá ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó ń tú táyà, ó ń lẹ̀ ẹ́, ó ń tà á. Ọjọ́ tí ọmọkùnrin rẹ̀ kọ́kọ́ mú un wálé, Bàbá Rọra rí dúdú lábẹ́ èékánná rẹ̀, ó rò pé ìkòkò ló ń fọ̀. Nígbà tó gbọ́ òdodo ọ̀rọ̀, ó pe ọmọ rẹ̀ wọ yàrá.

"Ṣé kò sí obìnrin tó ń ránṣọ ni? Ṣé kò sí èyí tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì?"

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹni tó lè tú táyà tírélà, kí ló fẹ́ lé e nílé ọkọ?"

Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ṣègbéyàwó, wọ́n bímọ. Láràárọ̀ ni Ìyàwó máa ń gbé ọmọ wá fún Ìyá Àgbà, ìyàwó Bàbá Rọra, kó tó lọ síbi iṣẹ́. Á kúnlẹ̀ kí bàbá ọkọ rẹ̀, bàbá á sì dáhùn dáadáa. Àmọ́ kì í béèrè pé iṣẹ́ ńkọ́. Bí àlejò bá bi í pé kí ni ìyàwó ọmọ rẹ̀ ń ṣe, á ní, "Ó ń ṣòwò," á sì yí ọ̀rọ̀ padà.

Nígbà tó yá, táyà píkọ́ọ̀pù rẹ̀ pá bí orí arúgbó. Bàbá Rọra fi oríta sílẹ̀, ó wakọ̀ lọ sí òdìkejì ìlú lọ́dọ̀ onítáyà kan tí kò mọ̀ ọ́n. Ìyẹn kó táyà síwájú rẹ̀, eyín wọn nípọn, ara wọn ń dán bí ẹni fi òróró pa á. Ó wọ rímù wẹ́kú. Bàbá ra mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, inú rẹ̀ sì dùn dé ilé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyàwó wọlé pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Kó tó kí ẹnikẹ́ni tán, ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí ọkọ̀, ó ń fi àtàǹpàkò nu ẹ̀gbẹ́ táyà.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹrù wo lẹ fẹ́ kó lónìí?"

"Ẹ̀rọ onítẹ̀wé kan ni. Ó ń kó ṣọ́ọ̀bù."

Ìyàwó dìde, ó tún kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá. Táyà yìí dára, àmọ́ kì í ṣe ti ọkọ̀ akẹ́rù. Ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni, èyí tí tọkọtaya àtọmọ ń jókòó sí."

"Ṣé kò wọ rímù ni?"

"Ó wọ̀ ọ́. Bàtà òde lè wọ ẹsẹ̀ alábàárù, Bàbá, àmọ́ kò ní bá a dé ibi tó ń gbé ẹrù lọ." Ó fi ìka tẹ ibi tí wọ́n kọ nǹkan sí. "Ẹ wo nọ́ńbà yìí, mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Kì í ṣe kílò, àmì ni. Ohun tó ń sọ ni pé ẹsẹ̀ kan ò gbọdọ̀ gbé ju nǹkan bí àpò sìmẹ́ńtì méjìlá lọ. Lẹ́tà tó tẹ̀ lé e, eré tó lè sá nìyẹn. Táyà akẹ́rù tó yẹ ọkọ̀ yín máa ń ní lẹ́tà C lẹ́yìn ìwọ̀n rímù, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì lè gbé tó àpò méjìlélógún."

Bàbá Rọra ṣírò lọ́kàn. "Méjìlá lọ́nà mẹ́rin. Ẹ̀rọ tó fẹ́ wọn àpò méjìdínláàádọ́ta dà?"

"Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ńkọ́, Bàbá? Òun náà wà lórí táyà. Ẹ̀yìn sì ni ẹrù máa ń jókòó sí, ẹsẹ̀ méjì tẹ̀yìn ló ń jìyà ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà wọ bàbá létí, àmọ́ kò fẹ́ kó wọ̀ ọ́ lára. Onítẹ̀wé ti ń retí rẹ̀. Ó ní, "Mo ti gbọ́, Ìyàwó. Máa lọ síbi iṣẹ́, kó o má pẹ́."

Ìyàwó ò jà, kò sì bínú. "Ó dáa, Bàbá. Bí ẹ bá máa lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró lójú ọ̀nà kẹ́ ẹ fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ táyà ẹ̀yìn. Tó bá gbóná débi tí ọwọ́ ò lè dúró níbẹ̀, ẹ pè mí."

Nígbà tí àwọn alábàárù ti ẹ̀rọ náà gun ọkọ̀ tán, ìdí píkọ́ọ̀pù wọlẹ̀ bí adìyẹ tó sàba. Onítẹ̀wé, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí yíǹkì kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, jókòó síwájú. Wọ́n gbéra. Bí wọ́n ṣe ń lọ, ẹ̀yìn ọkọ̀ ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ bàtà gogoro. Ìdarí ọkọ̀ wá fúyẹ́ lọ́wọ́ bàbá, bíi pé ẹsẹ̀ iwájú fẹ́ kúrò nílẹ̀. Bí wọ́n ṣe sọ̀ kalẹ̀ òkè kan, ohùn Ìyàwó kò kúrò létí rẹ̀ mọ́.

Kó tó gun afárá gígùn, níbi tí eré ọkọ̀ ti máa ń le, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó sọ̀ kalẹ̀. Ó fọwọ́ kan táyà ẹ̀yìn, ó sì fà á padà kíá. Ó yí lọ sí apá kejì. Níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ táyà ti wú síta, ó tóbi bí ẹyin.

"Kí nìyẹn?" Onítẹ̀wé béèrè.

"Ikú ni," bàbá dáhùn jẹ́jẹ́. "Kò tíì pè wá ni."

Ó mú fóònù. Ẹni tí òun ò fẹ́ kí àlejò mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni òun wá fẹ́ bẹ̀ yìí. Ó pè é. Ìyàwó ò sọ pé ṣebí mo sọ fún yín. Ó ní, "Àlàáfíà lẹ wà, Bàbá? Ẹ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà o, ẹ̀yin àti ẹni tó bá wà pẹ̀lú yín. Ẹ má tú afẹ́fẹ́ inú táyà náà. Mò ń bọ̀."

Kò pẹ́ tí ọkọ̀ ṣọ́ọ̀bù wọn dé. Ọ̀gá Ìyàwó ti yọ̀ǹda táyà akẹ́rù fún un. Ìyàwó wọ aṣọ iṣẹ́, ó so gèlè rẹ̀ pinpin. Nígbà tí táyà ti tutù, ó fi igi dí ẹsẹ̀ iwájú, ó tẹ́ pákó sábẹ́ jáàkì kó má bàa rì, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bàbá Rọra ò rí i nídìí iṣẹ́ rí. Ó wò ó bó ṣe ń fi ara ti sípánà, bó ṣe ń dẹ nọ́ọ̀tì kan tó sì ń kọjá sí èyí tó dojú kọ ọ́, láìkánjú, láìṣe àṣedànù. Bàbá wòye pé bí òun náà ṣe ń gbé ẹrù olẹ́rù gan-an nìyẹn. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó fi ń gba àwọn nọ́ọ̀tì náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí Ìyàwó fi géèjì wọn afẹ́fẹ́ inú táyà tuntun, ó ní, "Afẹ́fẹ́ ló ń gbẹ́rù, Bàbá. Táyà kàn ń di afẹ́fẹ́ mú ni. Okùn tó wà nínú èyí tó wú yìí ti já, kò lè di nǹkan kan mú mọ́."

Onítẹ̀wé sún mọ́ bàbá. "Bàbá, ta ni obìnrin yìí?"

"Ìyàwó ọmọ mi ni," bàbá dáhùn, ó sì gbé ohùn sókè kí Ìyàwó lè gbọ́. "Iṣẹ́ táyà ló ń ṣe."

Ẹ̀rọ dé ibi tó ń lọ láìfarapa. Ṣùgbọ́n bàbá ò lè jẹun dáadáa títí tó fi ro ẹjọ́ náà fún Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ẹni tá a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, ó dà bí olè tó kó ni lẹ́rù lọ ni." Nígbà tílẹ̀ mọ́, àwọn méjèèjì múra bí ẹni ń lọ sóde pàtàkì, wọ́n gba oríta lọ. Bàbá dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá, ó wá kọjú sí Ìyàwó láàárín àwọn táyà tí wọ́n tò bí òpó.

"Mo ti ń wakọ̀ kí wọ́n tó bí ọ, mi ò ka ẹ̀gbẹ́ táyà rí. Ìwọ lo dá mi padà sílé, ìwọ lo sì dá onítẹ̀wé padà fún àwọn ọmọ rẹ̀. O ṣeun. Ọwọ́ rẹ ò ní rọ."

Omi lé ròrò lójú Ìyàwó. "Èmi ló yẹ kí n dúpẹ́, Bàbá. Ẹ dúró lójú ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ ni mo ti sọ fún tí wọn ò dúró."

Láti ìgbà náà, Bàbá Rọra di òǹkàwé ẹ̀gbẹ́ táyà. Kò lè kọjá lára ọkọ̀ láìbẹ̀rẹ̀. Ó ti mọ nọ́ńbà mẹ́rin tó ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe táyà. Ó sì ti sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan pé táyà ẹ̀yìn rẹ̀ ju àbígbẹ̀yìn rẹ̀ lọ lọ́jọ́ orí, kó tètè fún un ní ìsinmi. Ìyá Àgbà ní, "Bí ẹ bá kí ọkọ̀ tán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kí ọlọ́kọ̀ náà."

Nígbà tí ọ̀gá ṣí ẹ̀ka tuntun fún táyà ọkọ̀ ńlá, Ìyàwó ló fi ṣe olórí ibẹ̀. Bàbá Rọra ló kó ẹrù àkọ́kọ́ débẹ̀. Ó ń yí táyà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó òun fúnra rẹ̀ wọlé nígbà tí Ìyàwó sáré pàdé rẹ̀.

"Bàbá, ẹ fi sílẹ̀, ẹ jókòó."

Bàbá ò fi sílẹ̀. Ó ní kó ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún òun, kí òun lè mọ àwọn táyà tó yẹ kí òun tò ó mọ́.