Ẹkún Júdásì ní Àpòmù

Nígbà tí mo wà ní kékeré, Ìkirè ni ilé wa, Àpòmù ni ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹsẹ̀ la sì fi ń rìn ín. Ẹ̀yin tí ẹ ń gun ọ̀kadà lọ ra búrẹ́dì ní ìkángun àdúgbò, ẹ má sọ pé mo ń purọ́. Àwa ọmọ ìjọ Àgùdà kò pọ̀ nígbà náà. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù, àwọn Aládùúrà tẹ̀ lé wọn, àwa tó kù kò ju ìwọ̀nba lọ. Ṣùgbọ́n tó bá di Ọjọ́ Ẹtì Rere, ìlú méjèèjì ló máa ń jáde wá wò wá.

Ìrìn Ọ̀nà Àgbélébùú là ń pè é. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan á ṣe Jésù, á gbé igi lé èjìká, àwọn tó ṣe sójà Róòmù á máa fi pàṣán aṣọ tí kò lè dun ẹnikẹ́ni nà án. Fadá á máa gbàdúrà, àwa náà á máa kúnlẹ̀ nínú eruku. Ìyẹn ni ti ìsìn. Júdásì gan-an ni ìlú ń dúró dè. Bí àgbélébùú bá ti dé iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, Júdásì á bọ́ sí títì, á máa sá lọ sí etí odò, gbogbo ọmọdé á sì gbá tẹ̀ lé e. Èèpo ọsàn àti máńgòrò tí kò tíì pọ́n ni wọ́n ń sọ lù ú. Ó gbọ́dọ̀ máa sunkún, kó máa bẹ̀bẹ̀, torí ẹkún rẹ̀ ni adùn eré náà. Bàbá mi ni Júdásì.

Àlejò ni bàbá mi ní Ìkirè. Iṣẹ́ télọ̀ ló gbé e wá láti ilẹ̀ Ìgbómìnà. Kò sí ọmọ onílẹ̀ tó fẹ́ ṣe Júdásì, torí orúkọ yẹn kì í tètè bọ́ lára èèyàn. Bàbá mi náà kò fẹ́ ẹ. Lọ́dọọdún ló ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi òun ṣe Símónì ará Kírénè, ẹni tó bá Jésù gbé àgbélébùú. Ó gbà pé ọjọ́ tí wọ́n bá gbé igi yẹn lé òun léjìká ni òun di ọmọ ilé. Mo rántí bó ṣe dọ̀bálẹ̀ fún bàbá katikísì, ẹni tó ń kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ ìsìn, lójú èmi àti ìyá mi.

Ó ní, "Bàbá, àlejò ni Símónì náà. Ẹ wò ó nínú Bíbélì."

Bàbá katikísì rẹ́rìn-ín. "Bá wa ṣe Júdásì tọdún yìí. Tó bá di àmọ́dún, igi di tìẹ."

Inú bàbá mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ó rán aṣọ Júdásì fúnra rẹ̀, ó sì ń fi ẹkún dánra wò nídìí maṣíìnì títí ìyá mi fi ń fi í ṣẹ̀fẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, mò ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kí n lè máa rí i. Ọmọ katikísì, tó dàgbà díẹ̀ jù mí lọ, wà lórí ògiri kan pẹ̀lú máńgòrò lọ́wọ́. Bí bàbá mi ṣe yíjú padà láti bẹ̀bẹ̀, ọmọ náà sọ ọ́, ó sì bà á ní ẹyinjú. Bàbá mi ṣubú. Ó ní, "Ẹ dákun, eré ti parí. Ojú mi ni, ojú mi." Ńṣe ni àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Bó ṣe ń búra pé òun ò ṣeré mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rín ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni òkò ń bọ̀. Mo ké pé bàbá mi ni, òótọ́ ni. Obìnrin kan fà mí mọ́ra, ó ní kí n má sunkún, eré ni. Bàbá Mùsùlùmí kan tó ń ti Jímọ̀ bọ̀ ló wá dúró lé e lórí, ó fi agbádá rẹ̀ bò ó, ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe eré."

Ojú náà fọ́. Aṣọ tí bàbá mi ń rán bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, àwọn oníbàárà sì bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. Nígbà tí ọdún yípo, bàbá katikísì wá sílé wa. Bàbá mi ti wọ aṣọ funfun kí ìyẹn tó jókòó, ó ti ń retí igi rẹ̀. Bàbá katikísì ní olójú kan kò yẹ lábẹ́ àgbélébùú Olúwa, àmọ́ ojú yẹn á mà bá Júdásì mu o. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń yin èèyàn. Bàbá mi sì ṣe é. Ó tún ṣe é lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Kò gbé igi náà títí ó fi kú, inú ń bí mi di òní.

Ayé ti yàtọ̀, mi ò ní parọ́. Lónìí, ẹnikẹ́ni kì í sọ òkò lu Júdásì. Ọ̀dà pupa ni ẹ̀jẹ̀ Jésù, fóònù ni gbogbo èèyàn nà sókè, ẹni tó bá ṣe Júdásì á mu mọ́ọ̀tì tútù nígbà tó bá ṣe tán. Ó dára bẹ́ẹ̀. Lọ́dún yìí, lẹ́yìn ìrìn náà, wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún ọmọ katikísì, tó ti di bàbá ìjọ, tó ń fi ọ̀pá rìn. Ó ní eré àtijọ́ dùn ju tòní lọ. Ó ní Júdásì kan wà nígbà náà tó mọ ẹkún sun dé ibi pé èèyàn á rò pé òótọ́ ni. Mo ní lọ́kàn mi pé ẹni tó yàgbẹ́ ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ-ọmọ mi tó jókòó tì mí náà rẹ́rìn-ín, ó sì fọwọ́ tọ́ mi.

"Màmá àgbà, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

Mo ní mo mọ̀ ọ́n. Ó ní kí n sunkún bíi tirẹ̀ kí òun gbọ́.