Bí Yàrá Hephzibah Ṣe Di Ilé Àdúrà

Akínbọ́lá kì í ṣe ahun. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn, nítorí àwọn ará àdúgbò wa ní Egan máa ń bà á lórúkọ jẹ́. Ahun kì í fẹ́ náwó rárá. Akínbọ́lá a máa náwó, ó kàn fẹ́ kí ohun tó bá rà ṣiṣẹ́ títí láé ni. Bí fáànù rẹ̀ bá kú, kò ní sọ ọ́ nù, á ní apá kan lára rẹ̀ ṣì máa wúlò. Páálí tẹlifíṣọ̀n tó rà nígbà tó gbéyàwó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ tẹlifíṣọ̀n ọ̀hún ti bàjẹ́ tipẹ́. Iṣẹ́ akọ̀wé ló ń ṣe ní ilé iṣẹ́ kan tó ń ta páìpù omi ní Ìkẹjà, “Ó-ti-tó” sì ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, torí ohun tó fi ń dáhùn gbogbo ọ̀rọ̀ nìyẹn. Èmi dàgbà jù ú lọ, ni mo ṣe ń dárúkọ rẹ̀ bó ṣe wù mí.

Èmi ni Ìyá Esther, aránṣọ. Ṣọ́ọ̀bù mi ló wà níwájú ilé tí èmi àti Akínbọ́lá jọ ń háyà. Sútánà ni mò ń rán jù, aṣọ funfun àwọn ìjọ Aládùúrà, àti aṣọ tí wọ́n fi ń bo pẹpẹ wọn. N kì í ṣe ọmọ ìjọ wọn o. Áńgílíkà ni mí, bíi ti Akínbọ́lá àti Olúfúnkẹ́ ìyàwó rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ìjọ aláṣọ funfun kan láti Àkẹ̀sán dé Ìgàndò tí kò mọ iṣẹ́ ọwọ́ mi. Tí mo bá ṣẹ́ pílíìtì síwájú pẹpẹ, wòlíì gan-an á dúró wò ó.

Yàrá méjì àti pálọ̀ ni Akínbọ́lá háyà, ṣùgbọ́n ẹrù ló ń gbé yàrá kejì: páálí, kẹ́ẹ̀gì, fáànù tó ti kú, àga tó ku ẹsẹ̀ mẹ́ta. Hephzibah ọmọ rẹ̀, tí kò ju ọmọ ọdún méje lọ, ń sùn pẹ̀lú bàbá àti ìyá rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà. Nígbà tí Olúfúnkẹ́ wá bí ọmọkùnrin, Ṣeunfúnmi, ọmọ tuntun gba àárín bẹ́ẹ̀dì, Hephzibah bọ́ sórí ẹní ní pálọ̀. Kò sunkún. Ó kàn ń wo ọmọ tuntun náà bí ẹni tó ń wo àlejò tí kò sọ ọjọ́ tó máa lọ. Ọ̀rọ̀ yìí ká bàbá rẹ̀ lára. Ó bá ṣèlérí fún un pé òun máa tún yàrá kejì ṣe, á sì di tirẹ̀ nìkan.

“Kí lo fẹ́ kó wà níbẹ̀?” ló bi í.

“Mo fẹ́ máa sùn lójú sánmọ̀, Dádì. Kí ìràwọ̀ wà níbẹ̀, kí àwọsánmà náà wà.”

Ojú sánmọ̀, lọ́wọ́ Ó-ti-tó! Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Àṣé mi ò tíì mọ ọkùnrin yẹn.

Ó lọ bá àwọn akunlé tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé tuntun kan létí ọ̀nà wa, ó ní kí wọ́n ṣàánú òun, kí wọ́n má da ìsàlẹ̀ garawa ọ̀dà wọn nù. Búlúù mẹ́ta tí kò jọra ló gbé bọ̀. Ó pò wọ́n pọ̀, ó kun ògiri fúnra rẹ̀, ọ̀dà sì tán nígbà tó kù díẹ̀ kó kàn àjà. Mo ní apá òkè yìí ńkọ́. Ó ní, “Ó ti tó, Ìyá Esther. Sánmọ̀ wo lẹ rí tí gbogbo ara ẹ̀ dọ́gba?”

Ó kó pákó àlòkù fún Wàsíù káfíńtà pé kó fi kan bẹ́ẹ̀dì. Ṣùgbọ́n níbo ni páálí máa gbà? Akínbọ́lá kò ní sọ wọ́n nù, bó o bá na ìdà sí i. Ó bá ní kí Wàsíù kan bẹ́ẹ̀dì náà ga, kí gbogbo ẹrù lè wọ abẹ́ rẹ̀, kó sì ṣe àtẹ̀gùn méjì síwájú rẹ̀ kí ọmọ lè rí ibi gùn.

Wàsíù wò ó lókè wò ó nílẹ̀. “Ọ̀gá, ṣé bẹ́ẹ̀dì nìyí àbí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì?”

“Ṣáà kàn án jàre.”

Ní Ìkòtún ló ti ra iná wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń ta mọ́ ògiri. Wọ́n dín owó rẹ̀ kù fún un torí pé púpọ̀ nínú rẹ̀ kò tàn mọ́. Nígbà tí a so ó mọ́ iná, méje péré ló tàn. Ó ní ó ti tó, ìràwọ̀ náà nìyẹn.

Ó wá ku àwọsánmà, ìyẹn sì di tèmi. Mo ní sátínì funfun tó ṣẹ́ kù lára iṣẹ́ ìkórè ìjọ kan, àti okùn aláwọ̀ góòlù tí wọ́n máa ń rán sétí aṣọ pẹpẹ. Mo ní kí ọmọ gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ṣẹ́ pílíìtì rẹ̀ dáadáa, mo ta á síwájú bẹ́ẹ̀dì títí dé ilẹ̀ kó lè bo páálí mọ́lẹ̀, mo fi góòlù yí etí rẹ̀ po. Nígbà tí a ṣe tán, àwa àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà, à ń wò ó. Ó dára kọjá sísọ. Hephzibah ń fò sókè sódò, ó ń pariwo, “Yàrá mi! Yàrá mi!” Bàbá rẹ̀ ní kó fara balẹ̀, kí òórùn ọ̀dà lọ tán, lọ́la ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í sùn níbẹ̀.

Ọ̀la náà ni ìyá Akínbọ́lá dé láti Iléṣà, ó wá wẹ ọmọ tuntun. Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí màmá yìí jẹ́. Ìyá Ìjọ ni wọ́n ní ìjọ Aládùúrà wọn, bí wọ́n bá wọlé, gbogbo ìjọ ló ń dìde. Látìgbà tí Akínbọ́lá sì ti fi ìjọ yẹn sílẹ̀ lọ bá ìyàwó rẹ̀ ní Áńgílíkà ni wọ́n ti ń gbààwẹ̀ nítorí rẹ̀. Olúfúnkẹ́ gbé ọmọ lé wọn lọ́wọ́, wọ́n súre fún un, ó gbà á padà, ó ní, “Màmá, ẹ wá wo ohun tí bàbá Hephzibah ṣe.” Ó ṣí ilẹ̀kùn yàrá.

Màmá bọ́ bàtà. Wọ́n wólẹ̀ gbìì, wọ́n fi orí kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

“Akínbọ́lá! Ọmọ mi! O tẹ́ pẹpẹ sínú ilé rẹ! Áà, Olúwa, o mà gbọ́ tèmi o!”

Ìgbà yẹn lojú mi là. Àtẹ̀gùn méjì, aṣọ funfun elétí góòlù, iná méje tó ń tàn lókè rẹ̀ bí àbẹ́là orí pẹpẹ wọn. Pẹpẹ ni Wàsíù kàn, pẹpẹ ni mo rán! Mo wo Akínbọ́lá pé kó sọ̀rọ̀. Ìyá rẹ̀ ń sunkún ayọ̀, wọ́n ń gbá ọmọ wọn mọ́ra, ta ló fẹ́ sọ fún wọn pé bẹ́ẹ̀dì ọmọdé ni?

Bọ́rọ̀ ṣe wọ́ nílẹ̀ nìyẹn. Màmá ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sùn níbẹ̀, a kì í sùn síwájú pẹpẹ. Wọ́n sun tùràrí. Wọ́n lọ pe àwọn ìyá aláṣọ funfun láti ẹ̀ka ìjọ wọn tó wà nítòsí, àwọn yẹn kún inú yàrá, wọ́n ń gbàdúrà, ọ̀kan nínú wọn sì ń bèèrè pé aránṣọ wo ló ṣe pílíìtì yìí. Hephzibah padà sórí ẹní. Lójoojúmọ́ ni bàbá rẹ̀ ń sọ fún mi pé lọ́la lòun máa bá wọn sọ ọ́. Inú bí mi. Mo ní, “Bàbá Hephzibah, o ò fẹ́ kí inú ìyá rẹ bàjẹ́, o wá ba inú ọmọ rẹ jẹ́. Ewo ló dáa nínú ẹ̀?” Ó tún ní ó di lọ́la.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, Hephzibah wá jókòó sórí àpótí ní ṣọ́ọ̀bù mi. Mo fún un ní pọ́fúpọ́fù, kò jẹ ẹ́.

“Mọ́mì Esther, ọmọ tuntun ti gba mọ́mì mi. Ọlọ́run náà ti gba yàrá mi. Kí ló kù?”

Ọ̀rọ̀ yìí gún mi lọ́kàn. Mo pa máṣíìnì. Mo ní, “Dìde, lọ sọ fún màmá rẹ àgbà fúnra rẹ. Ìwọ ò kúkú yadi.” Mo gbé téèpù ìwọnṣọ kọ́rùn, mo tẹ̀ lé e bí ẹni tó fẹ́ lọ wọn màmá láti rán aṣọ fún wọn.

Màmá ti wẹ ọmọ tán, wọ́n ń fi òrí pa á lára ní pálọ̀. Akínbọ́lá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Hephzibah kúnlẹ̀.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́ mà, mo fẹ́ máa sùn ní yàrá mi.”

“Ọkọ mi, kò sẹ́ni tó ń sùn síwájú pẹpẹ.”

“Sámúẹ́lì ńkọ́ mà?”

Ọwọ́ màmá dúró lórí ikùn ọmọ. “Sámúẹ́lì wo?”

“Sámúẹ́lì inú Bíbélì. Tíṣà wa ní inú tẹ́ḿpìlì ló ń sùn, níbi tí àpótí Ọlọ́run wà. Ọmọdé ni. Ọlọ́run ò lé e jáde mà, orúkọ ẹ̀ ló ń pè.”

Ìyá Ìjọ tó ti wàásù káàkiri ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́. Hephzibah dìde, ó fà wọ́n lọ́wọ́ lọ sínú yàrá, ó sì gbé sátínì mi sókè. “Kì í ṣe pẹpẹ náà mà. Bẹ́ẹ̀dì mi ni. Ẹ wo ẹrù Dádì lábẹ́ ẹ̀.”

Páálí lórí páálí. Kẹ́ẹ̀gì. Àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Fáànù na ọrùn sí wa.

“Akínbọ́lá.”

“Mà.”

“Páálí tẹlifíṣọ̀n lo jẹ́ kí n máa wólẹ̀ fún látọjọ́ yìí?”

Akínbọ́lá dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Ẹ má bínú mà. Inú yín ló dùn jù, mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ bà á jẹ́.”

Màmá jókòó sórí àtẹ̀gùn bẹ́ẹ̀dì. Ojú wọn rẹ̀ wálẹ̀, àánú wọn sì ṣe mí. “Mo ti rò pé àdúrà mi ti gbà ni,” ni wọ́n wí. Wọ́n wá gbójú sókè, wọ́n rí Hephzibah tó di etí aṣọ mú gírígírí.

“Ta ló ni yàrá yìí?”

“Èmi ni mà.”

“Ìwọ lo ni ín. Ọlọ́run tí mo ń sìn ò gba yàrá lọ́wọ́ ọmọdé rí.” Ni ẹ̀rín bá pa wọ́n, ó pa wọ́n débi tí gèlè fi ṣí lórí wọn. Wọ́n nàka sí mi. “Ìyá Esther, ìwọ náà! Ṣé ìwọ ò rí ohun tó ò ń rán ni?”

“Ẹ foríjì mí mà, ọwọ́ mi ò mọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì.”

Hephzibah ti gun bẹ́ẹ̀dì lọ. Ó ní, “Tí ẹ bá fẹ́ gbàdúrà, ẹ ṣì lè máa wá mà. Ẹ ṣáà máa kan ilẹ̀kùn.”

“Hephzibah!” ni Akínbọ́lá ké. Màmá ní kó fi ọmọ sílẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé omi gbígbóná lọ fún wọn láti fi wẹ Ṣeunfúnmi. Mo bá Ìyá Ìjọ nínú aṣọ funfun wọn, Bíbélì lábíyá, wọ́n dúró níwájú yàrá. Wọ́n kan ilẹ̀kùn.

“Ta nìyẹn?”

“Èmi ni, ìyá ẹ àgbà.”

“Ẹ dúró díẹ̀ mà, mò ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.”

Màmá sì dúró.